Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Agbára Kọ̀ǹpútà ní Ilé-Ifẹ̀: Láti Ẹ̀kán Òjò dé Wáyà Abẹ́ Òkun

Ṣíṣọ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà láti mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí lónìí, àti bí yóò ṣe ṣe lọ́la bí èrò bá pọ̀ lórí rẹ̀, jẹ́ iṣẹ́ tó gba ọ̀nà méjì wọ Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀nà kan gba inú yàrá ẹ̀rọ wá, àwọn yàrá olótùútù tí wọ́n ń kó kọ̀ǹpútà ràgàjì sí láyé ọjọ́un. Ọ̀nà kejì gba ojú òfuurufú wá, lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ tó ń wọn òjò. Èkejì yìí lè jọ ohun tí kò bá ọ̀rọ̀ mu, ṣùgbọ́n òun ló jinlẹ̀ jù nínú méjèèjì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣe yàrá tí kọ̀ǹpútà wà ló ń pinnu bóyá yóò tètè dá ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ lóhùn. Ojú ọ̀run tó wà láàárín ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti sátẹ́láìtì kan lókè réré ni.

Yunifásítì yìí ni gbogbo ìtàn náà rọ̀ mọ́. Òfin ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá a sílẹ̀ ní 1961. Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1962 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 244, ní ọgbà onígbà díẹ̀ kan ní Ìbàdàn, kí wọ́n tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní oṣù Kìíní 1967. Yunifásítì Ifẹ̀ ni wọ́n ń pè é títí di oṣù Karùn-ún 1987, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ papò dà, tí ìjọba sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ náà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí ọgbà Ifẹ̀ ń dìde, kọ̀ǹpútà kò tíì pé ọdún 10 ní Nàìjíríà: iṣẹ́ ìkànìyàn ọdún 1962 sí 1963 ló gbé e wọ̀lú. Ní ẹ̀wádún 1970, Ifẹ̀ ti wà lára àwọn fásitì díẹ̀ tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní orílẹ̀-èdè yìí.

Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kò ní ojú tí ènìyàn ń wò bí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó níṣẹ́ fún un yóò lu iṣẹ́ náà sára káàdì oníhò, káàdì kan fún ìlà ọ̀rọ̀ kan, yóò di ìdì káàdì náà, yóò sì fi lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ lójú fèrèsé. Ẹ̀rọ á máa ṣe iṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe tò. Olówó iṣẹ́ lè padà wá lọ́jọ́ kejì láti gba ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, kó sì rí i pé kọ́mà kan tó fò ti sọ gbogbo rẹ̀ di asán. Ìwọ̀n agbára ẹ̀rọ nígbà náà ni iye wákàtí tó wà láàárín ìgbà tí ìdì káàdì wọlé àti ìgbà tí ìwé jáde. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ náà ń kọ ìwé àkọsílẹ̀: ìgbà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó parí, àti ìgbà tó lò gan-an nínú ọpọlọ ẹ̀rọ. Ìdí tí wọ́n fi dá àkọsílẹ̀ yìí sílẹ̀ ni owó, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọn yóò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ àti iye tí yóò san. Inú ìwé gbèsè yìí ni àwọn alábòójútó ti kọ́kọ́ rí i pé àwọn wákàtí kan wà tí ìlà máa ń gùn, àti pé àwọn wákàtí òru fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ṣófo.

Ìṣirò tó ń ṣàlàyé irú ìlà bẹ́ẹ̀ dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. A. K. Erlang, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìlú Copenhagen, ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1909 nígbà tó ń wá bí wọn yóò ṣe mọ iye wáyà tó tó fún àwọn tó ń pe ara wọn. Ní 1961, John Little fi ẹ̀rí ìṣirò hàn pé iye ènìyàn tó wà nínú ìlà kò jẹ́ nǹkan mìíràn ju bí wọ́n ṣe ń dé lọ́nà ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀. Ọdún 4 lẹ́yìn náà, Allan Scherr ní MIT ní Amẹ́ríkà lo irú ìṣirò yìí fún kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pín lò lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ìṣirò sọ sì sún mọ́ ohun tí ẹ̀rọ ṣe.

Ẹ̀kọ́ tó jáde nínú rẹ̀ kò bá ojú inú ènìyàn mu. Ká ní iṣẹ́ kan gba ìṣẹ́jú-àáyá 1 lórí ẹ̀rọ tí kò sí ẹlòmíràn lórí rẹ̀. Bí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn bá ti gba ìdajì agbára ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ń dé láìní ètò, ìṣẹ́jú-àáyá 2 ni yóò gbà. Bó bá dé ìdá 80 nínú 100, yóò gba 5. Bó bá dé 90, yóò gba 10. Bó bá dé 95, yóò gba 20. Ìdá 5 péré ló wà láàárín 90 àti 95, síbẹ̀ ìdúró di ìlọ́po méjì. Ibí ni ojú ọ̀pọ̀ alábòójútó ti ń tàn: wọ́n á rí i pé ẹ̀rọ kò tíì kún, wọ́n á fi ọkàn balẹ̀, ìlà á sì ti dé ìta.

Ọ̀nà kejì bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná àti ẹlẹ́kítíróníkì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gabriel Ọlálérè Àjàyí àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń ṣèwádìí ìbéèrè kan tó jọ pé kò ju ti àgbẹ̀ lọ: báwo ni òjò ṣe ń rọ̀ ní Ifẹ̀? Ìdí tó fi kàn wọ́n ni pé ìgbì rédíò tó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín ilẹ̀ àti sátẹ́láìtì máa ń pàdé òjò lọ́nà. Ìgbì tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 7 sí 8, bí èyí tó wà ní GHz 4, máa ń la òjò kọjá láìfarapa púpọ̀. Èyí tó kúrú sí sẹ̀ńtímítà 2 àbọ̀, ní GHz 12, máa ń pàdánù lára agbára rẹ̀. Bí ìgbì bá sì ṣe ń kúrú sí i, tó ń sún mọ́ ìwọ̀n ẹ̀kán òjò fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òjò ṣe ń gbé e mì tó. Ẹni tí yóò sọ tẹ́lẹ̀ iye wákàtí tí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kan yóò fi dákẹ́ lọ́dún gbọ́dọ̀ mọ bí ẹ̀kán òjò ṣe tóbi tó, àti iye ẹ̀kán ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó ń bọ́ sílẹ̀.

Ìṣirò ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ òtútù ló ti wá. Laws àti Parsons ní Amẹ́ríkà ti gbé tiwọn jáde ní 1943: àwo ìyẹ̀fun ni wọ́n gbé sábẹ́ òjò, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sì di kóro kékeré tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n sì wọ̀n. Marshall àti Palmer tẹ̀lé wọn ní Kánádà ní 1948. Àwọn ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ káàkiri ayé gba ìṣirò wọ̀nyí bí ẹni pé ibi gbogbo ni òjò ti ń rọ̀ bákan náà. Òjò Ifẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ òjò Kánádà. Èyí tó ń tẹ̀lé ìjì lẹ́yìn oṣù ẹ̀ẹ̀rùn máa ń dé wìì, á kan kíkankíkan, á sì dá.

Ohun èlò tí wọ́n lò jẹ́ ẹ̀rọ tí Joss àti Waldvogel ṣe ní Switzerland ní 1967. Ojú rẹ̀ tí ẹ̀kán ń bọ́ lé kò ju sẹ̀ńtímítà oníhà mẹ́rin 50 lọ. Bí ẹ̀kán bá ti bà á, ẹ̀rọ á sọ ìlù rẹ̀ di iná mànàmáná. Bí ẹ̀kán bá ṣe tóbi ni iná náà ṣe ń lágbára, ẹ̀rọ á sì kà wọ́n ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ní 1984, Àjàyí àti Ofoche gbé àbájáde jáde lórí bí òjò Ifẹ̀ ṣe ń kan sí. Ọdún kejì rẹ̀, Àjàyí àti Roderic Olsen tó wà ní Kánádà gbé ìṣirò tuntun kalẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà Radio Science, èyí tó bá ẹ̀kán òjò ilẹ̀ olóoru mu ju ti Marshall àti Palmer lọ. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti wọn ẹ̀kán òjò tí ìṣirò náà dúró lé. Títí di òní, àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí sátẹ́láìtì ní ilẹ̀ olóoru ṣì ń tọ́ka sí i.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ yìí fún ìtàn kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan. Àwọn ibùdó ojú ọjọ́ ti ń wọn òjò tipẹ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ tàbí wákàtí-wákàtí ni wọ́n ń kọ ọ́. Bí mílímítà 40 bá rọ̀ ní wákàtí kan, 40 ni wọn yóò kọ. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 20 ni gbogbo rẹ̀ fi rọ̀, tí ojú ọ̀run sì mọ́ fún ìṣẹ́jú 40 tó kù, a jẹ́ pé òjò tó rọ̀ nígbà náà kan tó mílímítà 120 fún wákàtí. Ìwé àkọsílẹ̀ kò purọ́; ìpíndọ́gba ló bo òjò mọ́lẹ̀. Ìgbì rédíò kò mọ ìpíndọ́gba, òjò tó ń rọ̀ lọ́wọ́ ló ń pa á. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ìgbì fi ń béèrè òjò tí wọ́n wọ̀n ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣèlérí pé ìbánisọ̀rọ̀ òun yóò dúró fún ìdá 99.99 nínú 100 ọdún, gbogbo àyè tó fi sílẹ̀ fún ìdákẹ́ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 53 lọ. Ìjì méjì péré lè jẹ ẹ́ tán.

Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé ni Trieste ní Ítálì. Abdus Salam, ọmọ Pakistan tó gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́yìn náà, ló dá ibùdó ìmọ̀ físíìsì ICTP sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1964 kí àwọn onímọ̀ físíìsì láti orílẹ̀-èdè tí kò lọ́rọ̀ lè ní ibi tí wọn yóò ti máa bá ẹgbẹ́ wọn pàdé. Sandro Radicella ló ń darí yàrá ìwádìí ìgbì rédíò níbẹ̀ nígbà náà. Òun àti Àjàyí, pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn, jọ ṣàtúnṣe ìwé atọ́nà kan ní 1996 lórí bí ìgbì sátẹ́láìtì ṣe ń ṣe ní ilẹ̀ olóoru. Ìbáṣepọ̀ yìí náà ni wọ́n gùn lé nígbà tí ICTP ran Ifẹ̀ lọ́wọ́ ní ẹ̀wádún 1990 láti fi ìgbì rédíò so àwọn ilé inú ọgbà pọ̀ di nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan. Ọgbà náà fẹ̀, òkè yí i ká, ilé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan sì lè jìnnà sí èkejì. Wíwa kòtò fún wáyà yóò gbówó; eriali lórí òrùlé kò gbówó tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NITDA sílẹ̀ ní 2001 láti máa bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé, Àjàyí ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ọ̀gá àgbà rẹ̀.

Ìgbà tí sátẹ́láìtì dé ni ìṣòro tòótọ́ tó dé. Sátẹ́láìtì tó dúró lójú kan lókè ayé jìnnà tó kìlómítà 35,786. Ìbéèrè tó bá kúrò ní Ifẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè, kó sọ̀ kalẹ̀ sí Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà. Ìdáhùn náà gbọ́dọ̀ gòkè, kó sì sọ̀ kalẹ̀. Ìrìn mẹ́rin yìí lé ní kìlómítà 143,000. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń sáré tó, ó gba nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kí ohunkóhun mìíràn tó fà á sẹ́yìn, kò sì sí owó tó lè dín in kù.

Owó gan-an tún wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí 2005, àwọn fásitì kan ní Áfíríkà ń san iye tó lé ní dọ́là 7 lóṣù fún kílóbíìtì kan ṣoṣo ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ifẹ̀ àti Ìbàdàn wà lára àwọn tó pawọ́ pọ̀ lọ́dún náà láti rà á lápapọ̀, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn àwọn àjọ ọlọ́rẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, iye náà sì wálẹ̀ sí dọ́là 2.33. Pẹ̀lú ẹ̀dínwó yìí náà, mẹ́gábíìtì kan ṣì ń lọ sí nǹkan bí dọ́là 2,330 lóṣù, agbára tí ìdílé kan ṣoṣo lè máa lò ní London nígbà náà. Ìwádìí kan tó káàkiri àwọn fásitì Áfíríkà láàárín ọdún wọ̀nyẹn sọ pé iye tí wọ́n ń san tó ìlọ́po 50 iye tí ẹgbẹ́ wọn ń san níbòmíràn. Ìwádìí kan náà fi kún un pé ọ̀pọ̀ wọn kì í tilẹ̀ wo ohun tí wọ́n rà bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ló yẹ kó dun àwọn aláṣẹ jù, ṣùgbọ́n ti owó ni ìwé ìròyìn máa ń gbé.

Irinṣẹ́ tó mú kí wíwò yìí rọrùn kò gbówó rárá. Ní 1994, Tobias Oetiker ń ṣiṣẹ́ níbi tí wáyà kan ṣoṣo tó jẹ́ kílóbíìtì 64 ti ń so gbogbo ọgbà mọ́ ayé, kálukú sì fẹ́ mọ bí wáyà náà ṣe ń ṣe. Ó kọ ètò kan, MRTG, tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún iye ohun tó gba inú rẹ̀ kọjá, tó sì ń yà á sórí ìlà tí ẹnikẹ́ni lè wò. Ó gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1995. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ti di ojú tí àwọn alábòójútó nẹ́tíwọ́ọ̀kì káàkiri ayé fi ń ríran. RRDtool, èyí tó tọ́jú àkọsílẹ̀ dáadáa jù ú lọ, tẹ̀lé e ní 1999.

Ohun tí wọ́n ti rí lára òjò tún yọjú níhìn-ín. Bí ọ̀nà kan bá kún dẹ́múdẹ́mú fún ìṣẹ́jú 1, tí kò sì sí ohunkóhun lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 4, MRTG yóò ya ìdá 20 nínú 100. Olùkọ́ tí ìwé rẹ̀ kọ̀ láti wọlé nínú ìṣẹ́jú kan yẹn yóò lọ ṣàròyé. Alábòójútó yóò na ọwọ́ sí àwòrán tó ní ìdá 80 ṣì ṣófo. Àwọn méjèèjì ni òótọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Bí àwòrán bá sì ṣe ń darúgbó ni ìbòjú náà ń nípọn sí i, nítorí ètò náà ń pa ìṣẹ́jú 5 pọ̀ di 30 fún àwòrán ọ̀sẹ̀, di wákàtí 2 fún ti oṣù, di ọjọ́ kan gbáko fún ti ọdún. Ẹni tó bá fi àwòrán ọdún pinnu iye bándíwíìdì tí yóò rà ń ra ti òru mọ́ ti ọ̀sán.

Àléébù kejì MRTG bá Nàìjíríà wí ju bí ó ti bá ilẹ̀ Yúróòpù wí lọ. Bí ẹ̀rọ tí MRTG ń bi léèrè kò bá dáhùn, MRTG kì í fi àyè sílẹ̀ lásán. Àfi bí ènìyàn bá sọ fún un pé kó kọ òdo, iye tó rí gbẹ̀yìn ni yóò máa tún kọ. Níbi tí iná kì í ti í lọ, èyí kò ṣe nǹkan. Níbi tí iná ń lọ lọ́sàn-án gangan, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń gba àkókò kó tó gbé e, àwòrán yóò fi ìlà gbọọrọ hàn bí ẹni pé iṣẹ́ ń lọ, nígbà tí gbogbo ẹ̀rọ wà nínú òkùnkùn. RRDtool ló wá ya ohun tí a kò mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára òdo.

Wíwò láti òkèèrè tún wà. Ní 1995, ibùdó físíìsì SLAC ní Stanford bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní PingER, tí Les Cottrell ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀rọ kan yóò kan ilẹ̀kùn ẹ̀rọ mìíràn lókèèrè ní ìgbà mélòó kan, yóò sì kọ ìgbà tí ìdáhùn fi dé àti iye ìkànlẹ̀kùn tí kò rí ìdáhùn. Àwọn onímọ̀ físíìsì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, ṣùgbọ́n nígbà tí ICTP dara pọ̀ mọ́ wọn, ó di ọ̀nà láti wọn àlàfo tó wà láàárín Áfíríkà àti àwọn ẹlòmíràn, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń kàn. Ohun tó mú kí PingER lágbára ni ìṣirò kan tí Matthew Mathis àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1997. Nǹkan méjì péré, ìdúró àti ìpàdánù, tó láti sọ tẹ́lẹ̀ iye tí ẹnì kan lè rí fà wálẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìfi ti bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó pè. Bí ìdúró bá jẹ́ ìdá 6 nínú 10 ìṣẹ́jú-àáyá, bó ṣe máa ń rí lórí sátẹ́láìtì, tí ìpàdánù sì jẹ́ 4 nínú 100, nǹkan bí kílóbíìtì 97 ní ìṣẹ́jú-àáyá ni yóò rí fà. Bí ìdúró bá wálẹ̀ sí ìdá 12 nínú 100 ìṣẹ́jú-àáyá, tí ìpàdánù jẹ́ 1 nínú 100, iye náà yóò di ìlọ́po mẹ́wàá. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ra bándíwíìdì kún bándíwíìdì lè rí i pé ẹnì kọ̀ọ̀kan kò yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìṣirò Mathis ti sọ ìdí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó ṣe iLab, yàrá ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní Ifẹ̀ kò dúró de ìgbà tí ọ̀nà yóò fẹ̀. Jesús del Alamo ní MIT ló ti gbé yàrá ìdánwò ẹlẹ́kítíróníkì sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 1998, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lò ó láìwọ inú yàrá. Ifẹ̀, Makerere àti Dar es Salaam dara pọ̀ mọ́ wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lawrence Kehinde ló sì darí ti Ifẹ̀. Irú ìdánwò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń tò sílẹ̀ tán kó tó fi ránṣẹ́, tí èsì sì ń padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bá sátẹ́láìtì lò ju èyí tó ń fẹ́ ìdáhùn ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá yí bọ́tìnì lọ. Àwọn tó rántí ayé káàdì oníhò yóò mọ ọgbọ́n náà.

Wáyà abẹ́ òkun ló yí gbogbo rẹ̀ padà. SAT-3 ti gúnlẹ̀ sí Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 2000, ṣùgbọ́n ọwọ́ NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, nìkan ló wà, àǹfààní rẹ̀ kò sì tètè dé ìgboro. Nígbà tó bà jẹ́ lẹ́bàá òkun Benin ní oṣù Keje 2009, èyí tó pọ̀ jù nínú íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà bá a lọ. Glo-1 àti MainOne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, WACS tẹ̀lé wọn ní 2012. MainOne gùn tó nǹkan bí kìlómítà 7,000 títí dé Portugal. Ìmọ́lẹ̀ inú fáìbà lè lọ, kó sì bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn láàárín ìdá 70 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà ìrìn sátẹ́láìtì. Òjò kò tún ní agbára lórí ẹsẹ̀ ọ̀nà yẹn mọ́. NgREN, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n dá sílẹ̀ láti so àwọn fásitì ìjọba àpapọ̀ pọ̀, tẹ̀lé e lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Bí ọ̀nà ìta ṣe fẹ̀, ìdí ìdúró wọ inú ọgbà. Ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì di orí pọ́tàlì, ìdánwò ìwọlé di orí kọ̀ǹpútà, JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé fún gbogbo orílẹ̀-èdè, náà sì kó gbogbo ìdánwò rẹ̀ sórí ẹ̀rọ ní 2015. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ á wá wọlé sórí ẹ̀rọ sẹ́fà kan náà ní alẹ́ tí ìforúkọsílẹ̀ ń parí. Ìṣirò ìlà tó ti wà láti ayé Erlang ló tún kàn: àárín sáà, ẹ̀rọ náà lè máa lo ìdá 10, alẹ́ yẹn, ó ti kọjá 95. Ní 2014, Ilé-Ifẹ̀ wà lára àwọn ibi tí Báǹkì Àgbáyé kọ́kọ́ yàn fún ètò àwọn ibùdó ìmọ̀ tó ta yọ ní Áfíríkà, wọ́n sì fi OAK-Park lélẹ̀ fún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti ṣíṣe ètò ẹ̀rọ.

Sísọ tẹ́lẹ̀ fún ọgbà fásitì yẹ kó rọrùn, nítorí ọdún rẹ̀ ní ìlànà. Ọ̀nà tí Holt àti Winters là sílẹ̀ láàárín 1957 àti 1960, tí Jake Brutlag gbé wọ inú RRDtool ní 2000, ń kọ́ bí ọjọ́ Ajé ṣe yàtọ̀ sí ọjọ́ Àìkú, bí òwúrọ̀ ṣe yàtọ̀ sí ọ̀sán, yóò sì kígbe bí ohun tó rí bá yàtọ̀ sí ohun tó ń retí. Lórí fásitì ìjọba ní Nàìjíríà, ó ní ọ̀tá kan tí kò sí nínú ìwé: ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì. Ti 2013 gbà láti ọjọ́ 1 oṣù Keje dé àárín oṣù Kejìlá. Ti 2020 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, àrùn Kòrónà sì bá a lọ́nà. Ti 2022 gba oṣù 8, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì dé ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Ètò tó ń kọ́ láti inú oṣù tó kọjá yóò kọ́ pé òfìfo ni ọgbà máa ń wà, yóò fara mọ́ ọn, yóò sì wá kígbe lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá padà bí ẹni pé olè wọlé. Sáà méjì tí wọ́n fún pọ̀ sínú oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì kì í sì í jọ èyíkéyìí tó ti wà tẹ́lẹ̀. Alábòójútó tó mọ́ṣẹ́ á fi kàlẹ́ńdà sáà rọ́pò kàlẹ́ńdà oṣù, á máa ka ọ̀sẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, ìṣirò mìíràn já. Wáyà mẹ́rin, SAT-3, WACS, ACE àti MainOne, bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní ìsàlẹ̀ òkun lẹ́bàá Abidjan, Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká sì ní ìṣòro íntánẹ́ẹ̀tì. Àtúnṣe gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ka wáyà mẹ́rin sí ohun mẹ́rin tí kò mọ ara wọn, tó sì rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan lè bà jẹ́ fún ọjọ́ 1 nínú 100, yóò ṣírò pé ọjọ́ tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò bà jẹ́ pọ̀ jẹ́ 1 nínú 100,000,000. Ìṣirò náà péye. Ibi tí wáyà gbà ni kò wọ inú rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gba àgbègbè kan náà, níbi tí àfonífojì jíjìn kan wà nísàlẹ̀ òkun. Equiano, tí Google gbé dé Èkó ní 2022, gba ọ̀nà tó jìnnà sí etí òkun jù wọ́n lọ, kò sì já. Òun ló gbé ọ̀pọ̀ nínú ẹrù àwọn yòókù lọ́sẹ̀ yẹn. Láti ìgbà náà, kì í ṣe iye wáyà nìkan ni àwọn tó ń ra bándíwíìdì fún ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-iṣẹ́ ń béèrè. Wọ́n tún ń béèrè ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà.